Ẹ Bi Wá: Ìbọn Kò Tó Iye Àwọn Tó Ní Àwọn Jagun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní àwọn jagunjagun tó lé ní 100,000 ló forúkọ sílẹ̀ pé àwọn jáwọ́ nínú ogun Lìbéríà, bẹ́ẹ̀ ìbọn tí wọ́n gbà kò ju bíi 28,000 lọ. Ta ló kó ìyókù pamọ́? (Òǹkàwé kan, Kétu)

Wọ́n kó díẹ̀ pamọ́ lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú ìyókù yẹn kò sí rí. Ìlànà UNMIL, ikọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló fa ọ̀rọ̀: ẹni tó bá kó 150 ọta wá yege bí ẹni tó mú ìbọn wá, àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé tó wà lọ́dọ̀ àwọn jagunjagun kò sì nílò ohun ìjà rárá. Owó tí wọ́n ń fún ẹni tó bá yege jẹ́ 300 dọ́là, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń san án. Agolo ọta AK-47 tó gba 700 lè sọ èèyàn mẹ́rin di jagunjagun. Àwọn ọ̀gá ogun pín ọta fún ará ilé wọn, wọ́n sì gba ìpín tiwọn nínú owó náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an kò dára. Ní December 7, 2003, wọ́n ṣí ibùdó Schieffelin lẹ́bàá Monrovia. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ya dé níbi tí wọ́n ti ń retí nǹkan bí 1,000, owó kò sì sí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, èèyàn kú. Wọ́n dá a dúró títí di April 2004.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí ìbọn náà tí wọ́n bá gbà á? (Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́)

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń yọ ọta inú rẹ̀, kì í ṣe orí tábìlì. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí àgbá tó kún fún yanrìn, ẹ yọ ilé ọta, ẹ fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó wo inú ihò rẹ̀ bóyá ọta kan kù. Ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kan owó. Àìṣe bẹ́ẹ̀, ìbọn kan náà á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, á tún padà wá lọ́la. Ọta ní ààyè tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bọ́ǹbù ọwọ́ tàbí orí RPG (rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń yìn láti èjìká) wọlé rárá, kòtò ìta ni tiwọn.

Ṣé àwọn Faransé gba ìbọn dáadáa ní Centrafrique? (Òǹkàwé kan, Sábẹ̀ẹ́)

Rárá, ní tiwa. Nígbà tí Sangaris, iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun Faransé níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní December 2013, Séléka, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ ń gba ìbọn lọ́wọ́ wọn ní Bangui, olú ìlú, nígbà tí àdá àti ṣakabùlà ṣì wà lọ́wọ́ anti-balaka, ẹgbẹ́ tó ń bá Séléka jà. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wọ̀nyẹn kò ní ẹni tó máa gbèjà wọn mọ́. Wọ́n pa ọ̀pọ̀, àwọn míì sá lọ sí Chad àti Kamẹrúùnù. Ibi tí ẹ bá ti gba ìbọn, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ẹ̀ṣọ́ sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ti ṣakabùlà, ẹ má kà á pọ̀ mọ́ AK: alágbẹ̀dẹ máa ń rọ òmíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.