Májèlé kì í pòórá sínú òkun
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ béèrè bóyá májèlé tí ilé-iṣẹ́ ń dà sínú òkun kò ní pòórá, níwọ̀n bí òkun ti gbòòrò tó. Kì í pòórá. Ní Minamata, ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan da mẹ́kúrì, èròjà olóró kan, sínú omi òkun. Ẹja kékeré gbé e mì, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, ó sì ń pọ̀ sí i títí ó fi dé abọ́ àwọn apẹja. Àwọn ológbò tó ń jẹ ẹja náà ti ń ta gìrì bí ẹni tí wárápá mú kí àwọn dókítà tó rí àrùn náà lára ọmọdé ní 1956. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè bí ọmọ tí májèlé ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dída májèlé náà dúró.