Ẹni tó fẹ́ fi ilé pawó: ohun tí ejẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ṣírò fún un ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe ejẹ́ńtì ilé ní ìhà Ọbáńtòkò àti Aṣerò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ayálégbé wá ilé. Ní báyìí, màmá kan tó ń gbé ní London ní kí n bá àwọn wá ilé oní-fúláàtì mẹ́rin tí àwọn á máa gba owó rẹ̀. Mo ti fi fọ́tò ilé mẹ́ta ránṣẹ́, àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí owó àti ìwé kò yé mi tó. Báwo ni wọ́n ṣe ń bá irú oníbàárà báyìí ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ dá fọ́tò dúró ná. Ẹni tó ń wá ilé tí yóò gbé máa ń wo ilé ìdáná, àwọ̀ ọ̀dà, àti bí ilé ìwé àwọn ọmọ ṣe jìnnà sí. Màmá yìí kò ní sùn níbẹ̀. Owó tó máa kù sí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo ìnáwó ni wọ́n ń rà, pẹ̀lú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn jà lé lórí.

Ẹ pè wọ́n. Ẹ béèrè iye owó tó wà nílẹ̀ lápapọ̀, tòun ti owó lọ́yà, owó ìwé àti owó àtúnṣe. Ẹ béèrè bóyá owó ilé ọdọọdún ni wọ́n fẹ́, tàbí kí ilé gbówó lórí kí wọ́n tó tà á, àti ọdún tí wọ́n lè fi owó náà sílẹ̀. Èsì wọn ló máa sọ àdúgbò fún yín. Ẹni tó fẹ́ owó lójú ẹsẹ̀, ibi tí ayálégbé ti pọ̀ ni ká mú un lọ, bí ọ̀nà Àlàbàtà nítòsí yunifásítì FUNAAB (ẹ sọ fún un pé bí àwọn olùkọ́ bá yanṣẹ́ lódì, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣófo). Ẹni tó lè mú sùúrù lè wo ìhà Kobápẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣágámù.

Ìṣirò ló kàn. Ká ní wọ́n pe ilé náà ní 40 mílíọ̀nù náírà, tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń mú ₦800,000 wá lọ́dún. ₦3,200,000 nìyẹn. Ẹni tó ń tà á yóò ní ìdá 8 nínú 100 ló ń wọlé. Ẹ má tíì gbé e fún màmá. Bí lọ́yà, ìwé àti àtúnṣe bá gba mílíọ̀nù mẹ́rin, mílíọ̀nù 44 ni wọ́n ná. Bí fúláàtì kan bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ₦200,000 ti lọ. Owó ẹni tó ń mójú tó ilé, ìdá 10 nínú 100 lórí ₦3,000,000 tó wọlé, jẹ́ ₦300,000. Òrùlé, páìpù àti kíkó ṣaláńgá, ₦350,000. Aṣọ́de àti owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé, ₦150,000. Ó ku ₦2,200,000, ìdá 5 péré nínú 100 lórí mílíọ̀nù 44 tí wọ́n ná. Àpẹẹrẹ ni mo ṣe. Ẹ fi iye ilé tiyín sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ ránṣẹ́ sí wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ejẹ́ńtì ti ń ṣubú ni owó ilé tí onílé ní òun ń gbà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ wo rìsíìtì àti ìwé àdéhùn ayálégbé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bá àwọn fúnra wọn sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ti san ọdún méjì sílẹ̀ fún onílé àtijọ́, onílé tuntun kò sì ní rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọdún yẹn á fi pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ owó náà kúrò nínú iye ilé. Ẹlòmíràn jẹ gbèsè. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, ìwé ọjọ́ méje tó ń sọ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni kóòtù. Ẹ má ṣèlérí fún màmá pé ayálégbé á kó jáde lóṣù tó ń bọ̀.

Lọ́yà ló máa parí ọ̀rọ̀ ìwé, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ yọ ilé tó lẹ́jọ́ nínú kúrò. Ẹ mú ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n wò ó bóyá ó bọ́ sórí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ wo àwọn tó fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà ìdílé tó kù, àwọn yẹn lè ní kí kóòtù fagi lé e. Bí àwọn àgbà ìdílé bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfin kò ka títà náà sí rárá. Ilé tó ti ní C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba) pàápàá ṣì nílò ìfọwọ́sí gómìnà kí títà rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe wí.

Orí àpáta ni ìlú wa wà, oníbàárà tó wà lókè òkun kò sì lè rí èyí nínú fọ́tò. Níbi tí òkúta bá sún mọ́ ojú ilẹ̀, kànga lè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòtò ṣọ́kàwéè kì í sì í lè fa omi. Yóò kún ṣáá nígbà òjò. Ẹ bi àwọn ayálégbé bóyá omi ń wà nínú kànga ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, àti iye ìgbà tí wọ́n ń pe ọkọ̀ akóṣaláńgá lọ́dún. Ní etí odò Ògùn ní ìhà Lafẹ́nwá, ẹ wá ojú ibi tí omi dé lára ògiri. Kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní míta tirẹ̀, torí ìjà owó iná máa ń lé ayálégbé rere lọ.

Owó gbọ́dọ̀ gba bánkì kọjá. Òfin tó ń gbógun ti fífọ owó, ti ọdún 2022, kò gbà kí ẹnì kan san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ní owó lọ́wọ́, tàbí kí ilé iṣẹ́ san ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ó tún ní kí oníṣòwò ilé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC. Ẹ má lé owó lórí iye tí onílé pè. Bí onílé bá fẹ́ fún yín ní owó ejẹ́ńtì, ẹ sọ ọ́ fún màmá kí ẹ tó gbà á.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa mójú tó ilé náà, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó ilé. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa fi ìròyìn ránṣẹ́: ẹni tó san, ẹni tó jẹ gbèsè, ohun tí ẹ tún ṣe, pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀.