Ìfági tó ń ya igi: ẹ wo abẹ àti irin orí rẹ̀ ná

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìfági onírin yín ń ya igi, èérún ń há sí i lẹ́nu, ìyẹn ihò ìsàlẹ̀ tí abẹ ń gbà yọ, ẹ sì ti ń fi sáńpépà ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti àná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ná. Gbogbo ìgbà tí mo ti bá irú ìyọnu yìí jà, abẹ àti irin tó dé e lórí ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ tú abẹ jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé òkúta ìpọ́nbẹ, ibi tó súnmọ́ ẹnu nìkan ti tó, títí yóò fi dán. Kí ẹ wá pọ́n ojú tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní nǹkan bí dígírì 30, títí ìka yín yóò fi kan ẹ̀gún tín-ín-rín lẹ́yìn ẹnu abẹ, láti igun kan dé ìkejì. Bí ẹ̀gún yẹn kò bá tíì yọ, abẹ ò tíì mú, bó ti wù kó máa dán tó. Ìka ni mo máa ń gbà gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ojú. Ẹ dà á dé, ẹ fi òkúta yọ ẹ̀gún náà.

Ó wá kan irin orí abẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó kàn ń di abẹ mú ni. Ẹ so méjèèjì pọ̀, kí ẹ gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín wọn, ibẹ̀ gan-an ni èérún ń gbà wọlé. Ẹ fi òkúta ha abẹ́ ẹnu irin náà títí yóò fi lẹ̀ mọ́ abẹ pinpin. Fún iṣẹ́ lásán, ẹ fà á sẹ́yìn ẹnu abẹ ní mìlímítà 1. Àmọ́ fún igi tí fọ́nrán rẹ̀ lọ́ mọ́ra, ẹ sún un dé nǹkan bí mìlímítà 0.3, nítorí pé ńṣe ló ń ká èérún sókè lójú ẹsẹ̀, kó tó ráyè fa igi iwájú ya. Bí ẹ bá rí i tí èérún ń jáde gbọọrọ dípò kó máa ká kọrọkọ, ó ti bọ́ sí i nìyẹn. Ẹ má tún wá fún ẹnu ìfági pọ̀ lásìkò yẹn, yóò há.

Tí ẹ bá ń yí síkúrù tó ń yọ abẹ síta, yíyí síwájú ni kẹ́ ẹ fi parí rẹ̀ nígbà gbogbo. Bó bá yọ jù, ẹ dá a padà kọjá ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ tó tún yí i bọ̀, torí síkúrù náà máa ń ní àyè díẹ̀, bí ẹ ò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ á yọ́ sẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá dojú ìfági sókè, kí ẹ fi ègé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá lẹ́nu rẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì, kí ẹ tún abẹ ṣe títí méjèèjì yóò fi dọ́gba.

Bó bá ṣì ń ya igi lẹ́yìn èyí, ẹ yí pákó náà padà kí ẹ fá a láti ìdí kejì. Bí ó bá wá di dandan kí ẹ ha ìsàlẹ̀, ẹ fi abẹ sínú rẹ̀ ní dídè, kí ó má kàn yọ síta, torí ìdè yẹn máa ń tẹ ìsàlẹ̀ díẹ̀. Etí iwájú ẹnu rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kan igi dáadáa. Ẹ fi àbẹ́là pa á tí ẹ bá parí, yóò máa yọ̀ geere.