Ìbéèrè Òǹkàwé: Níbo ni Ìlú wà nínú Oríkì Ìlú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú ewì kan tó jẹ mọ́ ìrántí àti ilé baba ẹni, kí a sì tú èdè inú rẹ̀ palẹ̀. Oríkì tí ìyá mi àgbà fi ń kì mí ni mo mú: “Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ Oníkòyí. Oníkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, gbangba iwájú ni baba wọn fi í gbọta.” Mo to àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, àwítúnwí àti ìfọ̀rọ̀dárà inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n olùkọ́ dá iṣẹ́ náà padà, wọ́n ní ohun èlò ni mo kà, n kò sọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Wọ́n tún bi mí pé níbo ni ìlú wà nínú ewì náà, n kò sì rí ibì kankan tọ́ka sí. Èmi gan-an kò dé Ìkòyí rí.

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè kejì ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ wà. Lóòótọ́, kò sí òkè, kò sí odò, kò sí ọjà nínú ohun tí o kọ ránṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tó ń kọ ewì nípa ìlú rẹ̀, yóò fẹ́ wí pé “mo rántí”, kí ó tó máa ka ohun tó rántí. Oríkì yìí kò wí pé òun rántí ohunkóhun. Ohun tó yà sí wa lọ́kàn ni ara ọkùnrin kan tó kọjú sí ogun, ibi tí ọgbẹ́ bá wà lára rẹ̀ ni a sì fi ń mọ ilé tó ti wá. Oníkòyí, ọba ìlú Ìkòyí, jẹ́ àgbà olóyè nínú ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́. Nígbà tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú Ìkòyí ká, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá àwọn ará ilé yín wà lára wọn. Ẹni tí ogun lé kò lè ru odò ìlú rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n ó lè mú bí baba rẹ̀ ṣe ń dúró lójú ìjà lọ.

Má ṣe fojú fo “kì í”. Bí ó bá jẹ́ “kò gbọfà” ni, ìtàn ọjọ́ kan ni à bá gbọ́, ti jagunjagun kan tó ti kú. “Kì í” kò lọ́jọ́. Òun náà ni a fi ń sọ èèwọ̀ ilé ẹni, pé a kì í ṣe é nílé wa. Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ àgbà bá pè é lé ọ lórí, ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò ta lọ́fà rí ti di ẹni tí kì í gbọfà lẹ́yìn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni bí ọfà ṣe yí padà di ọta kí gbólóhùn tó parí. Ọrun ni a fi ń ta ọfà, ìbọn ló ni ọta, ìbọn kò sì wọ́pọ̀ lójú ogun Ọ̀yọ́ títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú ẹ̀dà tó wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọgbẹ́ ni ẹ̀ṣọ́, ìyẹn akọni jagunjagun Ọ̀yọ́, ń gbà níwájú, kò sí ọta níbẹ̀. Lójú tèmi, sáà ogun méjì ló wà nínú ìlà tìrẹ, ohun ìjà tuntun sì wọlé láìjẹ́ pé ìdúró náà yẹ̀. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí àwòrán náà ń ṣe, òun ni olùkọ́ rẹ ń wá. (Ìfọ̀rọ̀dárà tí o ní o rí níbẹ̀, èmi kò rí i.)

Tún wo “gbà”. A ń gba àlejò, a ń gba oyè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi gba ọfà àti ọta, bí ẹni pé wọ́n tọ́ sí onítọ̀hún. Ìró “gb” sì ń dún léraléra, nínú gbọfà, nínú gbangba, nínú gbọta, bí ohun tó ń balẹ̀ lára ènìyàn.

“Baba wọn” ló kù. Ìwọ ni wọ́n ń kì, síbẹ̀ “wọn” ni wọ́n wí, nítorí ẹni tó ń kini sábà máa ń yíjú sí àwọn tó dúró tì í, kí wọ́n lè gbọ́ irú ọmọ tí ìwọ jẹ́. Ní ọjọ́ tí ìwọ àti ìyá àgbà nìkan bá wà nílé, ní kí wọ́n kì ọ́, kí o sì tẹ́tí sílẹ̀ bóyá “baba wọn” ni wọn yóò wí tàbí “baba rẹ”. Èyí tí o bá gbọ́ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun.