Ọ̀dà tó ń sá wọ abẹ́ téèpù: kì í ṣe pé téèpù rẹ kò lẹ̀ tó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Mo to bàálù ike kékeré kan, Boeing 737, ìwọ̀n 1/144, ìyẹn ni pé mílímítà kan lára rẹ̀ dúró fún mílímítà 144 lára bàálù gidi. Mo fẹ́ kùn ún bíi ti Nigeria Airways àtijọ́, funfun tó ní ìlà aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fọ́n funfun, mo lẹ bébà téèpù tí mo rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò, mo wá fọ́n àwọ̀ ewé. Nígbà tí mo ṣí téèpù, etí ìlà rí págunpàgun bí eyín ayùn, ọ̀dà ti sá wọ inú funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é, bákan náà ló ń rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo téèpù dúdú àwọn rẹwáyà tàbí téèpù páálí, torí ìyẹn lẹ̀ dáadáa. Ẹlòmíràn ní kí n fi súpágúlù fa etí téèpù. Téèpù wo ló lẹ̀ jù tí mo lè rí rà ní Adó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra téèpù tó lẹ̀ ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ. Ìbéèrè yìí ń wọlé lemọ́lemọ́, ìmọ̀ràn kan náà sì ni àwọn èèyàn ń gbọ́ lẹ́nu ara wọn: wá èyí tó lẹ̀ jù. Irọ́ ni. Ti súpágúlù tiẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ńṣe ló máa lẹ téèpù, ọ̀dà àti ike pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn yẹn, bi í pé bàálù mélòó ló ti kùn.

Wo bí karosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Kò sẹ́ni tó ń tì í láti ìsàlẹ̀. Àlàfo tín-ín-tìn-ín tó wà láàrin fọ́nrán òwú ló ń fà á sókè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ téèpù rẹ gan-an nìyẹn. Bí àlàfo tí kò ju fọ́nrán irun lọ bá wà láàrin etí téèpù àti ara bàálù, tí ọ̀dà tútù tó ń ṣàn bí omi sì dúró sẹ́nu rẹ̀, ọ̀dà yẹn máa wọlé. Bí gọ́ọ̀mù téèpù ṣe le tó kò kàn án. Ohun mẹ́ta ló kàn án: ṣé ojú téèpù tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣé o tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti báwo ni ọ̀dà tó o fọ́n ṣe tutù tó.

Wàyí o, bébà téèpù àwọn tó ń kun mọ́tò. Mú un sún mọ́ ojú rẹ nínú oòrùn, wo etí rẹ̀. Ó hunjọ, àbí? Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè nà díẹ̀ ni. Lára mọ́tò, ìhunjọ yẹn kò hàn. Lára bàálù ìwọ̀n 1/144, gọ́tà ni ìhunjọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà sì ń gba inú gọ́tà kọ̀ọ̀kan wọlé. Òun ló fún ọ ní eyín ayùn. Tún ro ìwọ̀n rẹ̀ wò: ìlà tó fẹ̀ tó ìdajì mítà lára bàálù gidi, mílímítà 3.5 péré ni lára tìrẹ. Bí ọ̀dà bá sá wọlé ní ìdajì mílímítà, ó dà bí ìgbà tí pẹ́ńtà bàálù gidi fi ọ̀dà da ara bàálù ní sẹ̀ǹtímítà 7. Kò sí ojú tí kò ní rí i.

Ká ní o gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ, o lo téèpù dúdú rẹwáyà. Ó nípọn, ó sì ń nà bíi rọ́bà. Tó o bá nà án yí ara bàálù ká, ó máa máa sún padà díẹ̀díẹ̀, kó o tó gbé ìbọn ọ̀dà, etí rẹ̀ ti kúrò níbi tó o fi í sí. Bí ooru bá tún mú, ó máa fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí funfun rẹ. Téèpù páálí ńkọ́? Gan-gan ló le, kò lè tẹ̀ lé ibi tó rí roboto nímú bàálù. Ó máa ṣẹ́po, ibi tó bá sì ti ṣẹ́po, ihò wà níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù méjèèjì yìí le débi pé wọ́n lè ká ọ̀dà funfun kúrò lára ike. Ọ̀dà kì í wọnú ike bó ṣe ń wọnú igi, orí ike ló jókòó sí. Bí téèpù bá di ọ̀dà mú ju bí ọ̀dà ṣe di ike mú lọ, ọ̀dà á bá téèpù lọ ni. Èyí tá a nílò ni téèpù tó lẹ̀ níwọ̀nba, tó fẹ́lẹ́, tí ojú rẹ̀ sì tẹ́.

Èyí tí àwọn tó ń to bàálù ń lò káàkiri ayé ni téèpù aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi bébà ilẹ̀ Japan ṣe. Ti Tamiya ló wọ́pọ̀ jù, ó máa ń wà ní fífẹ̀ mílímítà 6, 10 àti 18. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wàá ti rí i rà. Ó wọ́n, nítorí náà má fi bo gbogbo ara bàálù. Etí ìlà nìkan ni kó o fi ṣe. Fi bébà lásán àti téèpù mọ́tò tó o ti rà bo ìyókù, kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ dúró lórí téèpù ìyeyè náà, kó má kan ọ̀dà. Bí kò bá tíì dé ọwọ́ rẹ, sẹ́lótéèpù ọ́fíìsì lè ṣe é fún ìlà tó lọ tààrà, àmọ́ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ kan tó mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí agbára gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè dínkù. Bẹ́ẹ̀ ni, kó dínkù. O ṣì ń ro ti téèpù tó lẹ̀ jù.

Etí téèpù bó ṣe wà lára rọ́ọ̀lù rẹ̀, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ekuru ti lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ekuru ń wọ inú yàrá tó tì pa. Lẹ téèpù náà mọ́ awẹ́ dígí lúfà kan tó mọ́, gbé rúlà irin lé e, fi abẹ tuntun gé mílímítà kan dànù létí. Etí tuntun yẹn ni kó o lò. Níbi tí ìlà bá ti fẹ́ tẹ̀ kọrọdọ, nímú bàálù tàbí lábẹ́ ìdí rẹ̀, gé téèpù náà ní tínínrín, mílímítà 1 sí 2. Tínínrín máa ń tẹ̀ láìhunjọ. Gbọọrọ kò lè tẹ̀.

Kó o tó lẹ ohunkóhun, ṣé funfun rẹ ti gbẹ? Ọ̀dà tó gbẹ lójú kò tíì gbẹ nínú. Ọ̀dà ákírílíìkì, fún un ní wákàtí 24. Ọ̀dà olóròóró, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀námẹ̀lì, ọjọ́ 2 sí 3, nígbà òjò kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbé e sún mọ́ imú rẹ: bó bá ṣì ń rùn, kò tíì gbẹ. Iyán gbígbóná la máa ń kánjú sí, a kì í kánjú sí ọ̀dà.

Lẹ́yìn náà, lẹ téèpù, kó o sì tẹ etí rẹ̀. Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ lo máa fi gbá a o. Fi orí igi ìtayín tó o ti rin kó má bàa mú, tẹ etí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ fi lè ṣú díẹ̀ níbi tó ti wọlé. Àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n gbẹ́ sára ike, níbi tí awẹ́ irin ara bàálù gidi ti pàdé ara wọn, ibẹ̀ ni kó o ṣọ́ jù. Téèpù máa ń kọjá lórí wọn bí afárá, ọ̀dà á sì gba abẹ́ afárá kọjá. Tẹ téèpù wọnú ìlà náà pẹ̀lú ẹnu igi ìtayín.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni kò sẹ́ni tó sọ fún ọ: kó o tó fọ́n àwọ̀ ewé, tún fọ́n FUNFUN sí etí téèpù náà. Funfun kan náà tó wà lábẹ́. Fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó o jẹ́ kí ìṣẹ́jú 10 sí 15 kọjá láàrin wọn. Bí àlàfo kankan bá ṣẹ́kù, funfun ni yóò wọ ibẹ̀, yóò sì gbẹ síbẹ̀ bí ìdérí. Nígbà tí àwọ̀ ewé bá dé, ẹnu ọ̀nà ti dí. Funfun tó sá wọ inú funfun, ta ni yóò rí i? Fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó bá jẹ́ pé àwọ̀ méjì ló wà lábẹ́ téèpù tó ò mọ èyí tó o fẹ́ tún fọ́n.

Àwọ̀ ewé wá kàn. Bó bá jẹ́ airbrush lò ń lò, ìyẹn ìbọn ọ̀dà kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹnu 0.3 mílímítà dára, agbára afẹ́fẹ́ psi 15 sí 20 lójú gééjì, kó o jìnnà sí bàálù ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Po ọ̀dà kó ṣàn bíi wàrà, kì í ṣe bí ògì. Ọ̀dà ìwọ̀n kan sí tíńnà ìwọ̀n kan ni ká fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ka ohun tó wà lára ìgò tìrẹ, torí ọ̀dà kò rí bákan náà. Dojú ìbọn kọ ọ̀nà tó ti orí téèpù lọ síbi tó ṣí sílẹ̀, má ṣe fọ́n ọn lu etí téèpù. Ìpele àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ bo funfun tán. Ìpele 3 tàbí 4 ni kó fi dé ojú rẹ̀. Bó o bá rí i tó ń dán bí omi níbi etí, o ti fọ́n jù, àtùpà ti rí karosíìnì nìyẹn. Má sì lọ so ìbọn náà mọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọganáísà tí kò ní ohun tó ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù àti ohun tó ń gba omi. Ó máa tu omi àti ọ́ìlì sí i lára.

Ìdí bàálù tí erin oníyẹ̀ẹ́ wà, ìyẹn àmì Nigeria Airways, má fi brọ́ọ̀ṣì kùn ún, sítíkà olómi, èyí tí wọ́n ń rẹ sómi kó tó lẹ̀, ni wọ́n ń lò síbẹ̀. Wo fọ́tò bàálù tó o ń ṣe gan-an pẹ̀lú, torí bí Nigeria Airways ṣe ń kun bàálù wọn yí padà kó tó di pé wọ́n kógbá sílé ní 2003.

Ṣí téèpù nígbà tí àwọ̀ ewé bá ti gbẹ lójú tí kò tíì le. Fún ákírílíìkì, bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn ìpele tó gbẹ̀yìn. Má fà á sókè bí ẹni ń já ewé. Ká a padà lé ara rẹ̀, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ra ara bàálù, kó o sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Má jẹ́ kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣẹ́kù, fi téèpù tuntun tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ léraléra, á bá a lọ; má da pẹtiróòlù sí i.

Ìwọ kò sọ tíńnà tó o lò, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tíńnà mọ́tò, ṣọ́ra gidigidi. Èyí tó le nínú wọn máa ń yọ́ irú ike tí wọ́n fi ń ṣe bàálù yìí. Fọ́n ọ̀dà rẹ sára ṣíbí ike tí wọ́n fi ń jẹ áíìsì kírìmù kọ́kọ́, kó o dúró di ọjọ́ kejì. Bí ojú ṣíbí bá hunjọ tàbí ó là, ó ti bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣí fèrèsé, bo imú pẹ̀lú ìbòmú tó ń dá èéfín ọ̀dà dúró, ti aṣọ lásán kò tó. Jìnnà sí iná, sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀. Kí ọmọdé má sí níbẹ̀. Mi ò sí lọ́dọ̀ rẹ, mi ò mọ ohun tó wà nínú agolo rẹ. Láàárọ̀ tí kùrukùru bá ṣì bo òkè Olósùnta, má fọ́n ọ̀dà onítíńnà líle rárá, ọ̀rinrin á jẹ́ kí ojú rẹ̀ di funfun bí ẹni bu eérú sí i.

Ti bàálù tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ: ẹ̀ẹ̀mẹta tó o ti kùn ún, òkìtì ọ̀dà kékeré ti wà létí ìlà náà. Fi èékánná rẹ ra á, wàá gbọ́ ọ. Téèpù tó dára jù láyé kò lè tẹ́ lórí òkìtì yẹn, nítorí náà má kàn fọ́n funfun bò ó. Jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ 3, ki sáńpépà 1000 bọ omi, fi ra òkìtì náà fẹ́ẹ́rẹ́ títí èékánná kò fi ní gbọ́ ọ mọ́, kó o fi 2000 parí rẹ̀. Fi omi ọṣẹ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kó gbẹ fúnra rẹ̀, má fi aṣọ nù ún. Fọ́n práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i, lẹ́yìn náà funfun, kó o wá dúró di ọ̀la (bó bá jẹ́ ẹ̀námẹ̀lì, ọjọ́ 2 sí 3) kó o tó gbé dígí lúfà rẹ.