Lẹ́tà H pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì àyẹ̀wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Sábo, ní Ìkòròdú níbí. Mo ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò kan, wọ́n sì ní èsì yóò wà lójú òpó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ ni ọmọ mi ṣí i lórí fóònù: 6.1 ni, pẹ̀lú lẹ́tà H pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti aládùúgbò mi jẹ́ 98, wọn kò kọ nǹkan kan sí i. N kò fojú ba oorun. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí n rí dókítà. Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí á máa wo èsì fúnra wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn lẹ́tà kéékèèké tó tẹ̀lé nọ́ńbà náà. Ilé àyẹ̀wò kan lè fi mmol/L wọn ṣúgà, kí òmíràn fi mg/dL wọ̀n ọ́n. Ó jọ pé mmol/L ni tiyín, mg/dL sì ni ti aládùúgbò yín. Bí ẹ bá fi 18 ṣe ìsọdipúpọ̀ 6.1 yín láti sọ ọ́ di mg/dL, yóò di nǹkan bí 110, èyí tó ju 98 ti aládùúgbò yín lọ. Lẹ́tà H ń sọ pé nọ́ńbà náà ga ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe orúkọ àrùn. Bí ènìyàn kò bá jẹun fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, láti 7.0 mmol/L sókè ni a ti ń sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, a sì sábà máa ń tún àyẹ̀wò náà ṣe kí ó tó dáni lójú. Tiyín kò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Ẹ rántí dáadáa bóyá ẹ mu ẹ̀kọ tàbí tíì oníṣúgà láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí dókítà yóò bi yín.

Ó yẹ kí ẹ wo èsì yín, torí ara yín ni. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2021, òfin kò fẹ́ kí ilé ìwòsàn kàn dá èsì aláìsàn dúró, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí tiwọn ṣáájú dókítà. Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ máa ṣí i lójú ọ̀sán, nígbà tí ẹ lè rí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà pè, kí ẹ má sì fi páswọ́ọ̀dù yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní kàfé. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín ṣáá, tí ẹ ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tàbí tí ojú yín ń ṣe bàìbàì, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹrin. Ẹ lọ rí dókítà lónìí.