Ìlà Àwọn Ọmọdé Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àkọsílẹ̀ ìkànìyàn ọdún 2011 fún abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Haryana, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Wọ́n kọ iye ilé, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n wá yọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje sọ́tọ̀. Wọ́n tún kọ "SC" àti "ST", òdo ló sì wà níwájú ST. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Àbúrò yín, akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì.

ÈSÌ: Àbúrò mi, mo kàwé ní Íńdíà fún ọdún mẹ́ta, ọ̀rẹ́ mi kan sì mú mi lọ sí abúlé bàbá rẹ̀ ní Haryana yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Òdo yẹn kì í ṣe àṣìṣe. ST (Scheduled Tribes) ni àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ bíi Santhal àti Gond, tí ìjọba forúkọ wọn sínú òfin. Kò sí ẹ̀yà kankan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Haryana. SC (Scheduled Castes) ni àwọn tó ń pe ara wọn ní Dalit, àwọn tí wọ́n ti ń kà sí ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn láti ìrandíran, nítorí ìdílé tí wọ́n bí wọn sí nìkan. Abala 17 nínú òfin ilẹ̀ Íńdíà ti fòpin sí i láti 1950. Síbẹ̀, lábúlé tí mo lọ, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé a ti dé àdúgbò wọn: ọ̀nà oníbíríkì dópin, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ní ẹ̀rọ omi tiwọn lọ́tọ̀. Ìyá kan bu tíì fún mi, ó dúró, ó ń wò ó bóyá n óò mu ún. Mo mu ún tán. Ó gba ife náà, ó tún bu òmíràn.

Ti àwọn ọmọdé wá ńkọ́? Ẹni ọdún méje sókè nìkan ni wọ́n ń wò bóyá ó mọ̀wéé kà. Tí o bá fẹ́ ṣírò ìdá àwọn tó mọ̀wéé kà, yọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kúrò ná. Ṣùgbọ́n ohun tó ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Ní Haryana lódindi, láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, ọmọbìnrin 834 ni wọ́n kà sí ọmọkùnrin 1000 lọ́dún 2011. Tí wọ́n bá fi ìbí sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, ó yẹ kó sún mọ́ 950. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo oyún, tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á ṣẹ́ ẹ. Òfin 1994 kọ̀ fún dókítà láti sọ bóyá akọ ni tàbí abo, síbẹ̀ àwọn kan ń sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Owó tí bàbá ìyàwó ń san ń bà wọ́n lẹ́rù, ọmọkùnrin ló sì ń jogún ilẹ̀.

Nílé ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ wá láti Assam, ìpínlẹ̀ kan tó jìnnà ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, nítorí wọn ò rí ìyàwó fẹ́ nítòsí. Kò gbọ́ èdè ilé náà nígbà tó dé. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni gbogbo ilé ń jẹ, òun nìkan ló ń se ìrẹsì sínú ìkòkò kékeré kan. Nínú irú àtẹ tí o rí yẹn, ẹyọ kan péré ni irú rẹ̀ jẹ́ lábẹ́ "obìnrin."

Wá àtẹ 2001 ti abúlé kan náà. Ọmọbìnrin 819 sí ọmọkùnrin 1000 ni Haryana ní nígbà náà. Wò ó bóyá àwọn ọmọbìnrin pọ̀ sí i níbẹ̀, kí o sì kọ̀wé sí mi.